Ẹ̀kọ́ Mélòó Ni Kí Ọmọ Mú Wọ Ìdánwò Àṣekágbá?

Mo kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ gbé ìwé lé orí itan tí ẹ sì na etí sí rédíò, mo sì kí ẹ̀yin òbí wọn. Gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀yin ará Ibiade, ẹ̀yin ará Abigi, ẹ̀yin ará Iwopin àti gbogbo ìlú etí omi yòókù ni mo ń wò bí mo ti ń sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹrù ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ẹrù tó ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi.

Bí ẹ bá dúró ní èbúté lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí i pé awakọ̀ kì í ka iye àpò gaàrí tó wọ inú ọkọ̀. Etí ọkọ̀ ló ń wò. Bí omi bá ti sún mọ́ etí ọkọ̀ dé ibi kan tí òun nìkan mọ̀, á ní ó tó. Bí obìnrin kan bá wá ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹyọ kan yìí sí i,” á fún un lésì pé ẹyọ kan yẹn gan-an ni omi ń dúró dè.

Ọmọ tó bá wọ SS3, tí í ṣe ọdún àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ni. Àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC tí gbogbo wa mọ̀, sọ pé ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò ṣe kò gbọdọ̀ dín ní 8, kò sì gbọdọ̀ ju 9 lọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ lè kó márùn-ún péré kí ó sì máa fẹsẹ̀ pọ́nmi. Ẹ̀kọ́ 8 ni ilẹ̀, ẹ̀kọ́ 9 ni òrùlé. Àárín ilẹ̀ àti òrùlé yìí, tó dàbí ẹni pé kò ju ẹyọ kan lọ, ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ti ń forí gbá.

Mo ti jókòó ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kan rí nígbà tí bàbá kan wọlé wá bá mi. Ó wọ agbádá, ó sì ti múra ìjà díẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ní kí ọmọ mi yọ ẹ̀kọ́ kan kúrò. Ṣé olódo ni ọmọ mi ni?”

“Rárá o, Bàbá. Ó wà lára àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì.”

“Kí ló wá dé? Ọmọ àbúrò mi tó wà l'Ékòó, mẹ́sàn-án ló ṣe. Ṣé kí ayé gbọ́ pé ọmọ tiwa kò lè gbé ohun tí ọmọ Èkó gbé?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kí ó kọ́?”

“Nọ́ọ̀sì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, láti kékeré.”

“Bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ mélòó ni wọn yóò wò nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ náà ni, àbí kí ni?”

“Márùn-ún ni, Bàbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólójì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Further Maths tí mo ní kí ó fi sílẹ̀ kò sí níbẹ̀.”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá ní kí ó máa ṣe é?”

Ohùn kékeré kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ̀yin ni, Bàbá mi.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Físíìsì ló ń da ọmọ náà láàmú. Alaalẹ́ ló ń jókòó ti Further Maths, ẹ̀kọ́ tí kò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan fún un, nígbà tí Físíìsì, tí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ń rán an níyè létí pé òun wà níbẹ̀. Ó fi Further Maths sílẹ̀. Nígbà tí èsì dé, C6 ló gbà nínú Físíìsì, èyí tí í ṣe kírẹ́díìtì tó kéré jù lọ. Bàbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yangàn fún C6 yìí, ṣùgbọ́n òun ló gbé ọmọ náà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ibi tí àṣà kíkó ẹ̀kọ́ jọ bí ẹni ń kó aṣọ ẹbí ti wá. Láyé àtijọ́, láti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò àṣejáde ti ń wá bá wa. Ní ọdún 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. Ní ayé ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní School Certificate nígbà náà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 9. Ení ló dára jù, ẹ̀sán sì ni ìfìdírẹmi. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí ọmọ ti ṣe dáadáa jù ni wọ́n ń ṣírò pọ̀, bí àròpọ̀ náà bá sì ti kéré tó ni ó dára tó. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́ mi yóò rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó ní Grade One kiri ìlú. Ẹ kíyè sí i pé nígbà náà pàápàá, mẹ́fà ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ṣe mẹ́sàn-án àti ẹni tó ṣe méje, mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n mú lọ sí orí ìwọ̀n. Ohun tí ìlú rántí ni iye tí ọmọ ṣe. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni iye tí ó mọ̀.

Ìdánwò náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Àwọn ọmọ ètò náà sì kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣejáde tiwọn ní 1988. Nígbà tó di 2014, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun dé inú ìdánwò: ó di dandan kí ọmọ ṣe Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Civic Education, àti iṣẹ́ ọwọ́ kan nínú 34 tí ìjọba kà sílẹ̀. Àwọn òbí pariwo pé ẹrù ti pọ̀ jù, ariwo náà kò sì jẹ́ asán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti tún ìlànà náà ṣe láti dín ẹrù kù: ẹ̀kọ́ 12 sí 14 fún girama kékeré, 8 sí 9 fún girama àgbà. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n tún kéde pé ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè tàbí ìtàn ní yunifásítì kò ní láti ní kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò mọ́. Àwọn ọmọ kan ti ń jó, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò fún ní ìwé Ìṣirò wọn. Kò pẹ́ tí Iléeṣẹ́ náà fi ṣàlàyé pé dandan ṣì ni kí gbogbo ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò, kí wọ́n sì jókòó ṣe é. Nítorí náà, ẹ gba ìwé yín padà.

Bí òfin bá ń yí báyìí, ohun tó yẹ ni kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ nípa ìlànà tó kan ọdún tiẹ̀ gan-an. Kí ó má ṣe gbára lé ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí WAEC bá ń kéde èsì, kí ni wọ́n ń kà fún aráyé gbọ́? Wọn kì í sọ iye ọmọ tó yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n á ní iye ọmọ tó ní kírẹ́díìtì nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní 2024, ìdá 72.12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣe ìdánwò náà ló dé ìwọ̀n yìí. Ní 2025, lẹ́yìn tí àjọ náà ti tún àṣìṣe kan ṣe nínú èsì tó kọ́kọ́ gbé jáde, ìdá 62.96 ni. Márùn-ún! Ó lé ní ìdá mẹ́ta àwọn ọmọ tó gbé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí wọn kò rí márùn-ún náà kó jọ ní ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi wákàtí ṣírò rẹ̀, nítorí pé ẹnu lásán kì í wọn ẹrù. Ẹ mú ọmọ kan ní Ibiade, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ilé bó ṣe yẹ. Ó dé láti ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán, ó jẹun, ó bá ìyá rẹ̀ yan gaàrí tàbí ó lọ gba ẹja ní etí omi, ó pọn omi, ó fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bí iná mànàmáná bá ṣojú àánú tàbí bí epo bá wà nínú fìtílà, wákàtí méjì ni ó lè fi kàwé kí oorun tó gbé e. Ní òru márùn-ún, wákàtí 10 nìyẹn. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta ní Sátidé àti mẹ́ta mìíràn ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 lọ́sẹ̀, ọmọ tó gbìyànjú ni mo sì ń sọ o.

Ìṣirò yóò gba mẹ́rin nínú rẹ̀, Èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò gba mẹ́ta. Ó ku mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló ń ṣe, mẹ́fà ló kù láti pín in fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba wákàtí kan ààbọ̀. Wàyí o, ẹ fi Further Maths kún un. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ojú kan wò. Bí kò bá gba wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, a kò ṣe é. Mẹ́fà ni yóò kù fún ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Wákàtí kan ààbọ̀ di wákàtí kan. Ẹrù kan ṣoṣo tí a fi lé e ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ Bàólójì, ti Kẹ́mísírì, ti Físíìsì àti ti gbogbo àwọn yòókù.

Ká má sì gbàgbé pé ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe ìwé ìbéèrè kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́ta, títí kan ti ìsọ̀rọ̀. Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, nítorí ti yàrá àyẹ̀wò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ sáyẹ́ǹsì, ó máa ń lé ní ogún. Ìdánwò náà sì máa ń bọ́ sí àkókò òjò, nígbà tí oko ń pe gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ilé, tí ọ̀nà sì ti di ẹrẹ̀.

Báwo wá ni kí ọmọ ṣe yàn? Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ń lọ, kí ó padà wá sí ibi tí ó wà. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì tí mo kà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà kò gbọdọ̀ fi Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, bó ti wù kí ìwé náà nípọn tó. Ẹni tó fẹ́ ka ìṣirò owó gbọ́dọ̀ mú Ìṣirò àti Ètò Ọrọ̀-Ajé ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjinníà, òun ni mo lè dá dúró fún nínú ọ̀rọ̀ Further Maths: bí Ìṣirò bá rọrùn fún un bí omi mímu, kí ó ṣe é, yóò jàǹfààní rẹ̀ nígbà tó bá dé yunifásítì. Ìwé ìlànà JAMB wà, ó sì ń sọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì Olabisi Onabanjo tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982 kò jìnnà sí yín. Kí ọmọ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ìdánwò JAMB, Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan níbẹ̀. Kí mẹ́ta yòókù wá láti inú mẹ́jọ tí ó ti ń kà bọ̀. Bákan náà ni fún ẹni tó fẹ́ ṣe NECO pẹ̀lú WAEC: kí ẹ̀kọ́ inú méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ọ̀nà rẹ̀ béèrè ni kí ó kọ́kọ́ dì sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi èyí tí òfin sọ pé ó di dandan kún un. Bí ó bá ka ìwọ̀nyí tán, yóò rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́jọ, kò sì sí àyè fún ìgbéraga.

Nípa iṣẹ́ ọwọ́, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ ẹja wà nínú 34 tí ìjọba kà sílẹ̀ nígbà náà, títọ́jú ẹja nínú adágún àti títà á. Ọmọ tó ti ń bá bàbá rẹ̀ da àwọ̀n láti ọmọ ọdún méje yóò sá fún un nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò dùn létí, yóò lọ mú ti kọ̀ǹpútà ní ibi tí kọ̀ǹpútà kò sí. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú: bí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò bá ní ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹja, ẹ mú èyí tó ní olùkọ́. Ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́, méjì ni kí ẹ kà á sí nínú ọkọ̀. Bí Físíìsì ni kò ní olùkọ́, tí ọ̀nà ọmọ sì gba ibẹ̀ kọjá, àfi kí òbí wá owó ọkọ̀ tí yóò máa fi lọ kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó ní Sátidé, kí a sì ka wákàtí ìrìn náà mọ́ ọn.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi mí nípa Yorùbá ńkọ́? Mo fọwọ́ sí i fún ẹni tó ní àyè, kírẹ́díìtì rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má mú un nítorí pé ó ń sọ ọ́ nílé. Ẹni tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ lè má mọ ibi tí àmì ohùn ń gbé, àwọn ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì wà tí a gbọ́dọ̀ kà tán.

Mo mọ̀ pé ọmọ kan wà níbì kan tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ẹnì kan ti gba òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, dúró ná. Ẹni tó ju Kẹ́mísírì nù nítorí pé ó le, tí ó sì ń sọ pé òun yóò ṣe dókítà, kò dín ẹrù kù. Àjẹ̀ ọkọ̀ ló jù sómi. Ẹ̀kọ́ tí a lè fi sílẹ̀ ni èyí tí kò sí ní ojú ọ̀nà, ì báà rọrùn. Èyí tó wà lójú ọ̀nà kò ṣeé fi sílẹ̀, ì báà korò bí ewúro.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ ìfiorúkọsílẹ̀. Ní SS1 ló ti yẹ kí a máa sọ ọ́, nítorí ẹni tí kò ka ẹ̀kọ́ kan fún ọdún méjì kò lè bá a pàdé lójijì ní ọdún kẹta. Lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ti fi orúkọ àti ẹ̀kọ́ ọmọ ránṣẹ́ sí WAEC, àtúnṣe kì í rọrùn. Kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́, ẹ ní kí ọmọ mú ìwé náà wá sílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ ní kí ó kà á sí yín létí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ kan, ẹ bi í pé: “Ta ni yóò béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ? Ta ló ń kọ́ ọ? Ìgbà wo lọ́sẹ̀ ni o ń kà á?” Bí ó bá dé orí èyí tí kò rí èsì sí, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀.

Àkókò wa ti tán. Ẹ kú alẹ́ o, kí ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé lórí itan sì padà sí orí rẹ̀.